Ọkọ Tí Abẹ́rẹ́ Wá fún Wúrà

"Mo ní kò ní bímọ! Ajá yẹn ò ní bímọ nínú ilé yìí, kò sì ní bímọ níta!"

Abẹ́rẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ẹ̀rọ sì dákẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà ló kọ́kọ́ já a láyà, ohùn tó gbé ọ̀rọ̀ wọlé ni. Ọkọ rẹ̀ ló ń pariwo. Ọkọ rẹ̀! Bíríkìlà tí gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè ní Jẹ́ẹ́jẹ́, ọkùnrin tó jẹ́ pé bí búlọ́ọ̀kù bá já lé e lẹ́sẹ̀, búlọ́ọ̀kù ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀ kó tó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìránṣọ yìí, sìmẹ́ńtì gbígbẹ lápá, tí iṣan ọrùn rẹ̀ yọ bí okùn tí wọ́n fi ń gbé ògiri dúró ṣánṣán.

"Bàbá Ìbejì," ni Abẹ́rẹ́ wí, "ṣé ẹ̀yin nìyẹn, àbí ẹlòmíì ló gbé ẹ̀wù yín wọ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹ kú ohùn. Mi ò mọ̀ pé ẹ ní in. Ọjọ́ tí mo fi áyọ́ọ̀nù jó ẹ̀wù tí ẹ fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ yín, ẹ̀rín lẹ rín. Ọjọ́ tí àbúrò yín ta ilẹ̀ yín mọ́ yín lórí, ẹ ní kò burú, ilẹ̀ ò kúkú ní ẹsẹ̀. Ajá fẹ́ bímọ, ẹ wá di àrá."

"Mo ti sọ tèmi."

"Ẹ ò tíì sọ nǹkan kan. Ariwo lẹ pa."

Kì í ṣe tìtorí iṣẹ́ ìránṣọ nìkan ni wọ́n ṣe ń pè é ní Abẹ́rẹ́. Ẹnu rẹ̀ ni. Bí ẹnu yẹn bá gún èèyàn, kì í tètè dùn ún, ó dìgbà tó bá délé kó tó rí ẹ̀jẹ̀.

Ajá tí wọ́n ń torí rẹ̀ jà dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì tí Abẹ́rẹ́ fi ń gé aṣọ, lórí òkìtì àjákù aṣọ. Wúrà ni orúkọ rẹ̀. Ara rẹ̀ pupa bí oyin, funfun kan sì wà láyà rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí àpò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àyà ẹ̀wù. Ó gbé etí kan sókè, ó wo ọkọ, ó wo ìyàwó, ó tún sọ etí náà kalẹ̀. Tiwọn ò kàn án.

Ajá yìí ti yọ Abẹ́rẹ́ nínú iná rí. Oorun ló gbé e lọ lórí ẹ̀rọ, aṣọ tó ń rán já lu áyọ́ọ̀nù gbígbóná, èéfín bo yàrá, òun sì ń hanrun. Wúrà ló fi eyín gbá etí yẹ̀rì rẹ̀ mú, tó ń fà á tó ń fà á títí tó fi ṣubú lórí àga, ìṣubú yẹn ló jí i. Láti ọjọ́ náà ni Abẹ́rẹ́ ti ní nǹkan kan lọ́kàn: kí ẹ̀jẹ̀ ajá yìí má parẹ́. Kí ọmọ rẹ̀ kan, ó kéré tán, ṣẹ́kù sílé yìí lẹ́yìn rẹ̀. Wúrà sì ti ń dàgbà. Irun ẹnu rẹ̀ ti ń funfun díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá bímọ nígbà tó tún máa wá akọ yìí, Abẹ́rẹ́ mọ̀ pé ó ti parí nìyẹn.

"Ta ló máa gba àwọn ọmọ?" Jẹ́ẹ́jẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. "Ajá tó ń jẹ ààtàn káàkiri ìgboro ò tó? Á bí méje, á bí mẹ́jọ, wàá máa pín wọn bí ẹni pín ìwé ìpolówó. Ẹni tó gba ajá lọ́fẹ̀ẹ́, tó bá sú u, ìta ló ń lé e sí."

Èyí gan-an ló tún ba Abẹ́rẹ́ lẹ́rù ju ariwo lọ. Ọ̀rọ̀ gidi lọkùnrin yìí sọ. Àmọ́ ojú tó fi sọ ọ́ kì í ṣe ojú ẹni tó ń rò ó fún ọmọ ajá. Ojú ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn ni.

"Bí mo bá wá ilé fún wọn kí wọ́n tó bí wọn ńkọ́?"

"Kò ṣeé ṣe."

"Mo ní, bó bá ṣeé ṣe ńkọ́?"

"Àgbà ti ń dé sí i."

"Dókítà ni yóò sọ ìyẹn. Ẹ̀yin, ògiri lẹ mọ̀."

Jẹ́ẹ́jẹ́ kọjá lọ sẹ́yìnkùlé. Abẹ́rẹ́ gbọ́ bó ṣe ń da omi sára, omi púpọ̀, bí ẹni tó fẹ́ bó awọ.

Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin yìí ṣe di alárinà ọmọ ajá tí wọn ò tíì lóyún wọn. Bí oníbàárà bá ti wá wọn aṣọ, kó tó ju okùn ìwọ̀n sí i lọ́rùn, á ti bi í léèrè: ilé yín ní ọgbà? Ta ló máa ń wà nílé lọ́sàn-án? Tí ajá bá ṣàìsàn, ṣé dókítà lẹ máa gbé e lọ, àbí ẹ máa da epo sí i lẹ́nu? Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì dáhùn dáadáa, ó gba ọ̀kan. Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé pa lọ́lọ́ mọ́ lórí, gba ọ̀kan, ó sì fẹ́ mọ irú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ kó tó jáde. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù gíláàsì ní òun fẹ́ méjì, òun máa so wọ́n mọ́lẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù kí olè lè máa rí wọn.

"Ẹ̀wọ̀n lẹ fẹ́ rà, Ìyá Onígíláàsì," ni Abẹ́rẹ́ wí, ó ń kó okùn ìwọ̀n rẹ̀. "Ẹ lọ rà á. Ẹ ya àwòrán ajá mọ́ géètì."

"Ṣé ọmọ ẹ lo fẹ́ fún mi ni, Abẹ́rẹ́?"

"Ká ní ọmọ mi ni, mi ò bá ti lé yín tipẹ́."

Ìyá Onígíláàsì kó aṣọ rẹ̀ láìwọ̀n, ó bínú lọ. Kò dun Abẹ́rẹ́. Ó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí, títí tí ilé tó dára fi tó, tó sì ṣẹ́kù. Ìgbà yẹn ló fa Wúrà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà náà, ojú rẹ̀ tutù, ọwọ́ rẹ̀ yá. Tábìlì onírin wà láàárín yàrá, òórùn oògùn apakòkòrò kún imú. Abẹ́rẹ́ ti rò pé wọn yóò fọwọ́ kan ajá lórí, wọn yóò ní ó dáa, kó máa lọ. Ibo! Dókítà jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, bó sì ṣe ń sọ ọ́ ni ọkàn Abẹ́rẹ́ ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní a ó ya fọ́tò eegun ìbàdí, torí ajá mìíràn wà tí eegun rẹ̀ ò wọlé dáadáa, tó jẹ́ pé gbogbo ọmọ tó bá bí ni yóò máa tiro. A ó wo ojú. A ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí àrùn wà tí akọ máa ń kó ran abo lórí ìgùn, tó ń ba oyún jẹ́. Ó ní bí ọmọ bá há sí i nídìí, iṣẹ́ abẹ ni, ìyá sì lè bá a lọ.

"Màmá, mo gbọ́dọ̀ bi yín. Bó bá di pé ká mú ọ̀kan, ìyá tàbí ọmọ, èwo lẹ máa mú?"

Abẹ́rẹ́ wò ó bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lù. "Dókítà, ọmọ ni mo ní kó wá bí o. Mi ò ránṣẹ́ pe ikú."

"Mo mọ̀, mà. Àmọ́ kò yẹ kó jẹ́ pé ọjọ́ náà lẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ."

"Ìyá," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ìyá ni mo mú."

Dókítà mi orí. Ó gbé Wúrà sórí tábìlì, ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó yẹ eyín rẹ̀ wò, ó dà á dùbúlẹ̀, ó ń fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ó dúró. Ó tún fọwọ́ kan ibì kan náà.

"Ìgbà wo ló bímọ kẹ́yìn?"

Abẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà, ọmọge ni. Kò mọ akọ rí. Èmi ni mo tọ́ ọ, èmi ni mo ń ṣọ́ ọ."

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wò ó, mà. Ẹ wo ọmú rẹ̀, bó ṣe gùn, tó rọ̀ wálẹ̀. Ti èyí tí kò bímọ rí máa ń wé mọ́ ara ni. Wọ́n ti mu ọmú yìí. Ajá yìí ti bímọ rí, ó sì ti tọ́mọ."

Àwọn nǹkan kan wà tí etí ń gbọ́ tí ara á kọ̀. Abẹ́rẹ́ di etí tábìlì mú, irin tutù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wo Wúrà, Wúrà ń wò ó, ìrù rẹ̀ ń lu irin tábìlì, gbà, gbà, gbà, inú rẹ̀ ń dùn pé gbogbo èèyàn ń fọwọ́ pa á lára. Ajá tí ó rò pé òun mọ irun orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti lóyún. Ó ti rọbí. Ọmọ ti mu ọmú láyà rẹ̀. Níbo? Nígbà wo?

Kò béèrè ní ìgbà kejì. Ìgbà kan ṣoṣo ló fi Wúrà sílẹ̀ pẹ́: nígbà tí èyí àbúrò nínú àwọn ìbejì rẹ̀ bímọ tí kò lè dìde, tó lọ tọ́jú rẹ̀ nílùú ọkọ rẹ̀ títí ọmọ fi ń rákòrò. Ẹni tó fi sílẹ̀ pẹ̀lú ajá, ọkùnrin kan ṣoṣo ni.

Ó bá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó ń fọ ọkọ́ ìrẹ́lé rẹ̀ nínú pèèlì.

"Ọmọ mélòó ló bí?"

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ Jẹ́ẹ́jẹ́ sínú omi. Kò ní "ta ni?" Kò ní "kí lò ń sọ?" Ó da pèèlì kejì dé, ó jókòó lé e. Àìbéèrè rẹ̀ yẹn gan-an ló gba ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ Abẹ́rẹ́, torí títí dìgbà yẹn ó ṣì ń retí kó ní irọ́ ni dókítà pa.

"Mo gbàgbé géètì ní ṣíṣí sílẹ̀," ló wí. Ohùn Jẹ́ẹ́jẹ́ ti padà sí ti tẹ́lẹ̀. "Ọjọ́ kan péré. O ti kìlọ̀ fún mi kí o tó lọ. Ajá ìta kan wọlé. Mo rò pé kò ní mú. Ìgbà tí ikùn rẹ̀ yọ, mo ní n ó sọ fún ọ lórí fóònù, ìwọ sì ń sunkún ọmọ rẹ tó ń ṣàìsàn lójoojúmọ́. Mi ò lè fi kún un."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Orí sìmẹ́ńtì lásán ló bí wọn sí, níbẹ̀ yẹn, lẹ́bàá ògiri. Òtútù mú. Mi ò mọ̀ pé wọn kì í lè mú ara wọn gbóná."

"Mo ní, àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Wọ́n kú."

"Gbogbo wọn?"

"Wọ́n kú, Ìyá Ìbejì."

"Dókítà ní wọ́n mu ọmú rẹ̀."

"Wọ́n mu ún díẹ̀ kí wọ́n tó kú."

Abẹ́rẹ́ wo ibi tó nawọ́ sí, lẹ́bàá ògiri. Ibẹ̀ ló ti ń sá aṣọ láti ọjọ́ yìí. Ó ti ń dúró lórí ibẹ̀, ó ti ń kọrin lórí ibẹ̀, láìmọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Wúrà ti gan kú. Ó wọlé, ó jókòó sórí ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ, ó fi orí ajá sáàárín itan, omijé rẹ̀ ń kán sórí irun pupa yẹn. "O bímọ, o ò rẹ́ni sọ fún," ló ń wí. "O bímọ, o ò rẹ́ni bá ọ gbé e."

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó bá ọkọ rẹ̀ sọ gbólóhùn tó ju "oúnjẹ rè é" lọ. Ìgbà tó sì sọ ọ́, ó kúrú. "Ó máa bímọ, n ó sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin, ẹ má bi mí ní nǹkan kan. Ẹni tó sin òkú tí kò kéde, wọn kì í pè é síbi ìkómọ."

Àwọn èsì àyẹ̀wò Wúrà jáde, gbogbo rẹ̀ dára. Dókítà ní níwọ̀n bó ti bímọ rí tí ara rẹ̀ sì le, ó lè bí ẹ̀ẹ̀kan yìí, kó sì jẹ́ èyí tó kẹ́yìn. Ó ku akọ.

Wíwá akọ ju wíwá ọkọ fún ọmọ èèyàn lọ. Akọ tó kọ́kọ́ rí lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ gé ọwọ́ ẹni tó ni ín jẹ lójú rẹ̀. "Ìyẹn ò níí bí ajá, jàǹdùkú ni yóò bí," ni Abẹ́rẹ́ wí, ó yíjú padà. Èkejì jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́, eegun ìbàdí rẹ̀ ni kò dára. Olówó ajá bẹ̀bẹ̀ títí, ó ní ta ló máa mọ̀. Abẹ́rẹ́ ní àwọn ọmọ tí yóò máa tiro ló máa mọ̀.

Ó wá di ọjọ́ tó kó aṣọ iṣẹ́ tuntun lọ fún oníbúrẹ́dì kan. Oníbàárà tuntun ni, ọkùnrin sísanra kan tí ìyẹ̀fun kì í kúrò ní ìpéǹpéjú rẹ̀, ilé búrẹ́dì rẹ̀ wà ní òdìkejì ìlú. Abẹ́rẹ́ wọ géètì, ẹrù aṣọ wà lórí rẹ̀. Ẹrù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

Akọ ajá kan dìde lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ń kó ìyẹ̀fun sí. Pupa bí oyin. Funfun wà láyà rẹ̀ bí àpò ẹ̀wù.

"Yéè!" ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Kò ní bù yín jẹ," ni oníbúrẹ́dì wí. "Búrẹ́dì nìkan ló mọ̀ ọ́n bù jẹ."

Kì í ṣe ẹ̀rù ló bà á. Aránṣọ ni. Ohun tó fi ń jẹun ni kó rí aṣọ méjì kó mọ̀ pé wọ́n bára mu. Bí oníbàárà bá mú àjákù wá pé kó bá òun wá irú rẹ̀ kún un, ó lè rin ọjà títí oòrùn yóò fi wọ̀, títí yóò fi rí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá a dọ́gba, tí ojú ìránṣọ ò ní hàn. Ajá yìí àti Wúrà, bí ẹni gé wọn lára ìgàn kan náà ni. Oríṣiríṣi ọmọ ló ti fọkàn yà, ṣùgbọ́n ọmọ tí yóò jáde bí Wúrà gẹ́lẹ́, àpò àyà, oyin, gbogbo rẹ̀, èyí ni Ọlọ́run fi hàn án lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyẹ̀fun yìí.

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Ọkùnrin kan tó wá ṣiṣẹ́ fún mi nígbà tí à ń kọ́ ibí ló gbé e wá, ó kéré báyìí. Ó ní ẹ̀bá ọ̀nà lòun ti rí i he. Ìdí ààrò yìí ló ti dàgbà."

Ìwà rẹ̀ dára. Ó fi imú kan ọwọ́ Abẹ́rẹ́ pẹ́lẹ́, ó sì jókòó. Oníbúrẹ́dì gbà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú rẹ̀ mọ́, ìbàdí rẹ̀ le, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò lárùn. Ohun kan ṣoṣo ni dókítà ò fọwọ́ sí.

"A ò mọ ìyá ẹ̀, a ò mọ bàbá ẹ̀, mà. Ẹ wá ọkùnrin tó gbé e wá, ẹ bi í léèrè dáadáa."

"Dókítà, ẹni tó rí ajá he lẹ́bàá ọ̀nà, kí ló mọ̀ nípa ìyá ajá?"

"Ẹ ṣáà bi í, mà."

"N ó bi í," ni Abẹ́rẹ́ wí. Kò bi í. Oníbúrẹ́dì ò mọ ilé rẹ̀, ìgbà Wúrà sì ti dé, ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ lára rẹ̀. Bí ìgbà yẹn bá kọjá, ó tún di oṣù mélòó, ajá tó ti ń hewú.

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ nílé tó rọ Abẹ́rẹ́ lọ́kàn. Ó ti ọjà dé, ó bá Jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́yìnkùlé lórí eékún, ó ń kọ́ ilé. Ilé kékeré, tó dé ìbàdí èèyàn, ní kọ̀rọ̀ kan tí atẹ́gùn ò gbà. Ó gbé ilẹ̀ rẹ̀ sókè, ó tẹ́ pákó lé e, ó fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yí ògiri ká nínú kí ìyá má baà fẹ̀yìn tẹ ọmọ pa. Kò sí sìmẹ́ńtì lásán kankan nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ dúró, ọjà lọ́wọ́.

"Ta ló kọ́ yín ní pákó ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn?"

"Mo lọ bi dókítà." Kò gbójú sókè. "Akọ yẹn, ṣé ó dára?"

"Ó dára ju ẹni tó ń béèrè lọ."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ta ni ká máa pè ní àna?"

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún un. Ó ti wà létí ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí ògiri yẹn, ó rántí ibi tó ti ń sá aṣọ. "Bí ó bá ti parí, ẹ ó gbọ́," ló wí.

Ọgbà ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì ni wọ́n ti pàdé, ògiri yí i ká, òórùn búrẹ́dì gbígbóná gba gbogbo ibẹ̀. Oníbúrẹ́dì lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wọlé, ó ní kì í ṣe sinimá. Wọ́n tú ajá méjèèjì sílẹ̀. Wúrà lọ bá akọ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún gbóòórùn rẹ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lá etí rẹ̀, ó lá a lójú, ó lá a lẹ́nu, bí ẹni tó ń fọ̀ ọ́.

"Ẹ wo ìyàwó bó ṣe ń kẹ́ ọkọ," ni oníbúrẹ́dì wí. "Tèmi ò ṣe báyìí fún mi rí."

"Ẹ wẹ ìyẹ̀fun ojú yín ná."

Kò pẹ́, akọ gùn ún. Abẹ́rẹ́ di orí Wúrà mú, ó ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ́lẹ́. Nígbà tí akọ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n so mọ́ra, ìdí kọ ìdí, ọ̀kan kọjú sí géètì, ọ̀kan kọjú sí ògiri. Oníbúrẹ́dì na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ yà wọ́n.

"Ẹ má fà wọ́n o! Ẹ ó ṣe wọ́n léṣe. Dókítà ní wọ́n á tú fúnra wọn. Tó bá so báyìí, ó ti wọlé nìyẹn. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́."

Ayọ̀ gbà á lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí ìbínú rẹ̀ ò ríbi jókòó mọ́. Ó fi ọwọ́ kan di Wúrà mú, ó fi èkejì fa fóònù yọ, ó pe ọkọ rẹ̀, ó sì ṣí ohùn fóònù síta kí oníbúrẹ́dì náà lè gbọ́.

"Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú oríire. Ẹ ti di bàbá ìyàwó."

Ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré ń hó lẹ́yìn Jẹ́ẹ́jẹ́. "Ó ti parí?"

"Wọ́n ṣì so mọ́ra báyìí bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Ah, ọpẹ́ ni." Ó sì dùn mọ́ ọn lóòótọ́, ó hàn lóhùn rẹ̀. "Ọpẹ́ ni, Ìyá Ìbejì. Bá mi kí ẹni tó ni akọ."

"Ẹ kí i fúnra yín."

Oníbúrẹ́dì tẹ̀ síwájú, ó ń pariwo sínú fóònù bí ẹni pé òkè odò ni ẹni yẹn wà. "Àna wa! Ẹ bọ̀ o, búrẹ́dì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú ààrò! Ilé búrẹ́dì tó wà lẹ́yìn ilé epo, onígéètì aláwọ̀ ewé!"

Ẹ̀rọ kọnkéré ṣì ń hó.

"Ẹ ń gbọ́ wa?" ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Onígéètì aláwọ̀ ewé," ni Jẹ́ẹ́jẹ́ wí.

Oníbúrẹ́dì gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ dúró ná. Mo mọ ohùn yìí. Ṣé kì í ṣe Jẹ́ẹ́jẹ́ nìyí? Jẹ́ẹ́jẹ́ tó mọ ààrò mi?" Ó lu ọwọ́ pọ̀, ìyẹ̀fun fò. "Ìyá Aránṣọ, ẹ ò sọ fún mi pé ọkọ yín ni! Òun mà ni! Òun ló gbé ajá yìí wá fún mi, nínú báàgì irinṣẹ́ rẹ̀!"

"Já wọn!" Ariwo Jẹ́ẹ́jẹ́ fẹ́ ya fóònù. "Ìyá Ìbejì, já wọn! Da omi lé wọn, ṣe nǹkan kan, já wọn!"

"Wọn ò ṣeé já, Bàbá Ìbejì. Kí ló dé? Kí lẹ ń—"

"Ọ̀kan ò kú."

"Ọ̀kan kí ni?"

"Nínú àwọn ọmọ. Ọ̀kan ò kú. O ti ń bọ̀ nílé, ẹ̀rù rẹ bà mí, mo gbé e kúrò." Ó ń mí bí ẹni tó ń sáré. "Akọ yẹn, Wúrà ló bí i."